Àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà: èwo ni ká gbin ata sí?

Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo kò wọ́n, omi sì máa ń jò gba ara rẹ̀, nítorí náà gbòǹgbò kì í sábà jẹrà nínú rẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí á fi gbó, tí á sì máa ya.

Ike oní-lítà 20 wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó ń tọ́jọ́. Fọ ọ̀dà inú rẹ̀ kúrò, kí o fi ìṣó gbígbóná lu ihò 6 sí ìdí rẹ̀. Gbé e lé òkúta, kí ilẹ̀ má baà dí ihò. Bó bá dí, ewé á pọ́n. Àwọn kan á sáré lọ ra ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù!

Fún ata tó ń so fún oṣù púpọ̀, ike ni. Tẹ̀tẹ̀ kò nílò ju àpò lọ.