Láti Takoradi dé Elmina àti Cape Coast: ohun tí pọ́n-ùn 95 rà fún mi

Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì pupa ní London kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, bí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi, bíréèkì ló máa ń wá kiri. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá dé ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ dírẹ́bà.

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni èmi àti Ìyá Kẹ́mi wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ kan ní Cape Town, tó ń lọ sí erékùṣù Canary. Àwọn ọmọ wa ló san owó rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀bùn ọgọ́ta ọdún mi ni. Ìlú bíi mẹ́fà ló wà nínú ètò ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré lojú mi ń wò: Takoradi, ní Gánà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní 1963. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Market Circle, bàbá mi ń ránṣọ ní Sekondi, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàwa ti ìdì ẹrù mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Láti ìgbà náà, n ò tẹ ilẹ̀ Gánà mọ́.

Inú ọkọ̀ la ti sanwó ìrìn-àjò ọjọ́ kan láti Takoradi lọ wo ilé odi Elmina àti Cape Coast, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ láyé àtijọ́, pọ́n-ùn 95 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá Kẹ́mi ní owó yẹn pọ̀ jù, ó ní níta géètì èbúté a máa rí onítakisí tó máa gba ìdajì. Òótọ́ ló sọ, a rí wọn nígbà tó yá, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi san án. Bí ẹ bá bá ètò ọkọ̀ lọ, tí ẹ pẹ́ dé, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí ẹ bá dá lọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká yín mọ́ Sekondi, ìdí ọkọ̀ lẹ máa rí lójú òkun, ẹ ó sì wá owó bàálù tẹ̀ lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, páṣípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ṣe mí lóore fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ọmọ ECOWAS kì í gba físà wọ Gánà. Ìyá Kẹ́mi tó di páṣípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì mú wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn òyìnbó, ó ń wò mí bí ẹni tó rí onígbèsè rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú o. Ọkọ ìyàwó kan láti Leeds gbàgbé tiẹ̀ sínú yàrá, ó sáré gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni ọgbọ̀n ló gbé wa. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níwájú, ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ jókòó síwájú, kí ẹ sì mú apá ọ̀tún, nítorí apá ọ̀tún ni òkun máa wà ní àlọ. Dírẹ́bà wa kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, kò sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bọ́ǹpù pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn ju èèrà lọ, àmọ́ kò fi bíréèkì já wa lulẹ̀ rí. Jíà ló ń fi dín eré kù láti òkèèrè, tí bọ́ọ̀sì á wulẹ̀ mí gun bọ́ǹpù náà, á sì mí sọ̀ kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹsẹ̀ mi fi sinmi.

Amọ̀nà wa, ọmọ Cape Coast ni, àmọ́ Oguaa lòun ń pè é, Edina ló sì ń pe Elmina. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó yí padà lórí ìjókòó rẹ̀, ó ní, “Alata!” Àwọn òyìnbó rò pé ó bú mi ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà nìyẹn, wọ́n ní nítorí àwọn èèyàn wa tó ń ta ata lọ́jà wọn láyé àtijọ́. Kódà ọṣẹ dúdú, “alata samina” ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò wa lọ́jọ́ tí a ń dẹrù ní 1969. N ò sọ ìyẹn fún un. Mo bi í ibi tí mo ti lè rí ọṣẹ náà rà, ó ní ìyá òun kì í fi nǹkan mìíràn wẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọmọ yẹn ni pé kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Nígbà tí a gun afárá odò Pra ní Beposo, omi náà pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọlé. Obìnrin kan bi í bóyá òjò ńlá ló rọ̀. Ó ní kì í ṣe òjò, àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ lókè odò ni, galamsey, omi tí àwọn ìyá wọn ń pọn mu tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́. Amọ̀nà mìíràn ì bá ti fi àwọ̀ odò náà ṣàwàdà.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan àbọ̀, a dé Elmina. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn apẹja Fante kì í wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ òkun ni. Nítorí náà, gbogbo ọkọ̀ ẹja ìlú náà ló wà nílé, wọ́n kún ẹnu ọ̀sà Benya pìtìmù débi pé ọmọdé lè ti orí ọ̀kan fò sórí òmíràn títí dé òdìkejì. Pupa, àwọ̀ ọsàn, búlúù, àsíá lóríṣiríṣi, ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára igi. Àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mú kó lè nà. Bàbá ìyá mi máa ń fi ẹsẹ̀ mú owú bẹ́ẹ̀ bó bá ń hun aṣọ. Bí ẹja lẹ bá fẹ́ rà, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ fẹ́ wò, kò sí ọjọ́ tó dà bíi rẹ̀.

Ilé odi funfun náà kọjú sí wọn gangan. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ ní 1482, kò sì sí ilé òyìnbó tó tún ṣì dúró ní ìsàlẹ̀ Sàhárà tó dàgbà tó o. Àwọn ará Hólàndì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, Gẹ̀ẹ́sì sì wá gba tiwọn ní 1872. Mo ti kà nípa rẹ̀, mo rò pé mo ti múra sílẹ̀. Àmọ́ ìwé kì í rùn. Yàrá tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí wọ́n mú lẹ́rú sí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì tí mo ń wà lọ. Mo mọ bí inú bọ́ọ̀sì yẹn ṣe ń rí tí èèyàn bá kún un fún ogójì ìṣẹ́jú péré lásìkò ooru, tí wọ́n á máa pariwo mọ́ mi pé kí n ṣílẹ̀kùn. Níta yàrá náà, nínú àgbàlá, ọta àgbá kan wà nílẹ̀ tí wọ́n máa ń so obìnrin tó bá ṣorí kunkun mọ́. Lókè, fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gómìnà kọjú sí ibẹ̀, níbi tó ti máa ń dúró mú èyí tó bá wù ú. Lórí ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn ará Hólàndì ti ń jọ́sìn, ẹsẹ kan nínú Sáàmù 132 ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, pé Síónì ni ibi ìsinmi Olúwa.

Ìyá Kẹ́mi jẹ́ díákónì nínú ìjọ wa ní Peckham. Ó dúró síwájú ẹsẹ yẹn, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, kò sọ nǹkan kan.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa ní Elmina, ó tó. Ohun tí wọn kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì. Wọ́n á bi yín ní orúkọ bí ẹ bá ń wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí ẹ bá fi máa jáde, wọ́n ti kọ orúkọ náà sára ìkarahun pẹ̀lú ìkíni ọ̀rẹ́, owó ló kù. Inú bí àwọn kan nínú wa gidigidi. Èmi ti dáhùn pé Bàbá Kẹ́mi ni mí, “Baba Kemmy” ni wọ́n sì kọ. Mo san síídì ogún.

Ibi tí inú ti wá bí èmi náà nìyí. Wọ́n kó wa lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun fún oúnjẹ ọ̀sán, a sì lo odindi wákàtí kan níbẹ̀. Ní ìlú tí ẹja pọ̀ tó yẹn, sọ́séèjì àti ọ̀dùnkún bíbọ̀ ni wọ́n gbé ka iwájú wa, pẹ̀lú adìyẹ kan tó gbẹ bí ìwé ẹ̀rí ìbí mi. Kò sí dokono, ìyẹn kenkey, kò sí ẹja yíyan, àfi shito, ata díndín wọn, díẹ̀ nínú ìgò kékeré kan tí wọ́n gbé sẹ́yìn kẹ́ṣọ́ọ̀pù. Láti ibẹ̀, ìdajì wákàtí ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọnà kan, níbi tí olórí ìrìn-àjò wa àti onílé ti ń kíra bí ìbátan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: wákàtí kan àbọ̀ fún sọ́séèjì àti ère, ogójì ìṣẹ́jú fún Cape Coast.

Ogójì ìṣẹ́jú yẹn, sísáré la sáré. Ilé odi Cape Coast ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olú ibùjókòó kí wọ́n tó kó lọ sí Accra ní 1877. Nínú àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n sin Philip Quaque sí, ọmọ Fante tó jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè àlùfáà, ní 1765. Ìjọ wà lókè, túbú àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀nà wa kó wa wọ inú túbú náà, ó pa iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Mo ka ìṣẹ́jú kan nínú ọkàn mi. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, amọ̀nà wa tan iná náà padà. A gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní kò sí àbọ̀ níbẹ̀ jáde, a bá ara wa láàárín àwọn apẹja àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá yíjú padà, ẹ ó rí i pé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, pé ọ̀nà àbọ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú ẹrú méjì gbà wọlé ní 1998, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, èkejì láti Jàmáíkà. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fún wa láyè láti jókòó. Wọ́n ń fọn fèrè bọ́ọ̀sì.

Mo yà bàrá lọ sọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Dokono Fante ló ń tà, èyí tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, kì í ṣe ti àwọn Gã tó máa ń wà nínú háhá àgbàdo. Mo lanu kí n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè, ohun tó jáde ni, “Ma me ebien.” Kí ló gbé e wá? N ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá náà fún mi ní méjì, ó sì fi ẹja díndín kan lé e lórí bí ẹni pé lánàá ni mo rà kẹ́yìn.

Market Circle wà nínú ìwé ètò tí mo sanwó fún, a máa dúró níbẹ̀ ya fọ́tò. Nígbà tí a wọ Takoradi, agogo mẹ́rin ti kọjá, olórí ìrìn-àjò wa ní kò sí àyè mọ́. Mo nawọ́ sókè, mo ní ibi tí wọ́n bí mi sí nìyẹn. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó ní bóyá ìgbà mìíràn. Amọ̀nà wa wá bá mi níjòókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ti wó ọjà àtijọ́ yẹn. Tuntun ni wọ́n ń kọ́.” Lóòótọ́, páànù ni wọ́n fi yí gbogbo rẹ̀ ká, kò sí ìsọ̀ kan tí mo lè nàka sí. Bọ́ọ̀sì yí po ọjà náà. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ti yà sí ọ̀nà èbúté, kò yà. Ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, ní jíà kejì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tó fura, àfi èmi, tí mo mọ ohun tí ọ̀gá lè ṣe fún dírẹ́bà tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé mo lè ní kí ẹ lọ? Ẹ lọ. Amọ̀nà àti dírẹ́bà tó pọ́n-ùn 95 náà, ó tún lé. Ẹ yẹra fún ètò tó bá tún fi afárá orí igi nínú igbó Kakum kún ọjọ́ kan náà, ẹ kò ní rí ìkankan dáadáa. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ilẹ̀ túbú máa ń yọ̀. Oúnjẹ tiyín ni kí ẹ fi sápò.

Àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó dé ọkọ̀ o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ní alata samina lè wọlé, ìkarahun lè wọlé, ṣùgbọ́n oúnjẹ sísè kò lè wọlé. Mo bá tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà níbẹ̀, lórí ìdúró, Ìyá Kẹ́mi di ẹja mú fún mi. Ó ní kí n yára, ojú ń ti òun. Kò pẹ́ tó fi na ọwọ́ sí ìkejì.