HyP3: rédà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó ń ṣọ́ òkè ayọnáyèéfín

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń wú tàbí ó ń rì lára òkè ayọnáyèéfín, tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, yóò jẹ àǹfààní púpọ̀ lára HyP3, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí ayélujára tí Alaska Satellite Facility ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Àwòrán rédà Sentinel-1, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí òfurufú ní ọdún 2014, ni ó ń lò. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹni ni ó ń ṣe wàhálà náà. Àwòrán kan péré lè tó gígábáìtì 4 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjì ni a sì nílò. Ẹni tí ó ń ra dátà ní Nàìjíríà mọ ohun tí ìyẹn ń ná ni. Ní HyP3, a ó yan àwòrán méjì tí a yà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò bá wa fi wọ́n wéra, a ó sì gba àbájáde nìkan sílẹ̀.

Òrùka aláwọ̀ mèremère ni a óò rí nínú àbájáde náà. Òrùka kan dúró fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.8 tí ilẹ̀ fi sún mọ́ sátẹ́láìtì tàbí tí ó fi jìnnà sí i, èyí tí í ṣe ìdajì gígùn ìgbì rédà náà. Òkùnkùn àti ìkúùkù kì í dí rédà lọ́wọ́. Igbó dídí ni ọ̀tá rẹ̀, torí pé ewé kì í dúró sójú kan; sátẹ́láìtì ALOS-2 ti Japan, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24, sàn jù ú lọ níbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà a máa ya òrùka èké sára òkè gíga, nítorí náà n kò jẹ́ gba àwòrán kan ṣoṣo gbọ́.

Nyiragongo ní Kóńgò ni kí ẹni tí ó ń wá ìkìlọ̀ kọ́kọ́ wò. Nígbà tí òkè náà bú gbàmù ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, rédà kò tíì rí wíwú ilẹ̀ kankan ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán Sentinel-1 fi hàn pé àpáta yíyọ́ ti gba abẹ́ ìlú Goma lọ sí ìhà adágún Kivu. Bí sátẹ́láìtì kan bá sì ń dá ṣiṣẹ́, ọjọ́ 12 ni yóò tó padà sí ojú ọ̀nà kan náà. Iṣẹ́ ìkìlọ̀ kíákíá, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ni kí a gbé e fún. Òkè tí ó ń fi ọdún gbọọrọ wú díẹ̀díẹ̀ ni HyP3 mọ̀ ọ́n wọ̀n.