Àgbéyẹ̀wò VOA Learning English fún ẹni tó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ìròyìn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ: tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìròyìn lẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ì báà jẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí ìwé ìròyìn, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o, ẹ lọ gbọ́ VOA Learning English, ètò tí Voice of America, rédíò Amẹ́ríkà, fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ná. Ọ̀fẹ́ ni, ó dáa gan, ó sì níbi tó kù sí. Màá sọ gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Kétu ni mí, lápá Benin níbí. Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé la fi kàwé láti kékeré, èdè méjèèjì yẹn náà ni mo fi ń ka ìròyìn ní rédíò àdúgbò. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní nígbà yẹn ò ju ti lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, lọ, pẹ̀lú èyí téèyàn ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń gba bọ́dà Ìlárá wọlé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìròyìn tó kàn wá jù láti òdìkejì bọ́dà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń jáde. Nígbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà pa ní August 2019, tó jẹ́ pé December 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ṣe làwọn èèyàn ń pe rédíò láti béèrè ohun tí Àbújá wí, àwa náà ń dúró de àwọn ará Kútọnu kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Faransé, ká tó wá yí i sí Yorùbá. Ìròyìn tó ti gba ẹnu méjì kọjá, kí ló kù nínú ẹ̀ jàre?

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu ni mo kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ni pé Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ amóhùnmáwòrán. A débẹ̀, ìwé tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́, ìwé àwọn oníbáńkì ni: bí wọ́n ṣe ń gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí kọ́sítọ́mà, bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń kọ́ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, kí n má purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò fìgbà kan ṣiṣẹ́ ìròyìn rí, tẹ́ ẹ bá bi í bí wọ́n ṣe ń kọ gbólóhùn tó máa ṣíwájú ìròyìn, á ní kẹ́ ẹ lọ ṣí díkíṣọ́nárì. Owó gidi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Olóòtú wa níbi iṣẹ́ ló wá ní kí n lọ wo ti àwọn ará Amẹ́ríkà yìí. Ọjọ́ ẹ̀ ti pẹ́ láyé. 19 October 1959 ni Voice of America kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, Special English ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, torí àwọn tó ń gbọ́ wọn lórí shortwave káàkiri ayé tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ò ju bí 1,500 lọ. Gbólóhùn gbọ́dọ̀ kúrú, kó má gbé ju èrò kan lọ. Ẹni tó ń kà á á rọra máa kà á, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyára tí wọ́n fi ń ka ìròyìn tòótọ́. Ọdún 2014 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Learning English, ó sì ní ìpele mẹ́ta, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti ẹni tó ti mọ díẹ̀, àti ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kó wúlò fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ni pé yàrá ìròyìn ló ti jáde wá. Àwọn tó kọ ọ́, ìròyìn gidi ni wọ́n mú, wọ́n wá tú u palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bọ́dà yẹn náà wò ó, èmi ni mo kọ àwọn gbólóhùn yìí o, kì í ṣe wọn. Bí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ńlá ṣe máa gbé e rèé:

Nigeria, which shut its land borders in August 2019 in a bid to curb smuggling, on Wednesday ordered four crossings reopened.

Ẹ kà á fún ẹni tó ń dáná lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa mú nǹkan kan nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é ní ìlànà Special English nìyí:

Nigeria has reopened four land borders. The government closed them in August 2019. Officials said they wanted to stop smuggling.

Ẹni tó bá ti ka ìròyìn ní rédíò rí á mọ̀ pé ìkejì yẹn ni ìròyìn etí. Olùgbọ́ ò lè padà sẹ́yìn lọ tún un gbọ́, torí náà èyí tó ṣẹlẹ̀ ló ń ṣíwájú, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó sọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ hàn. Mo wá ń mú ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì tó le, mo ń tú u sí gbólóhùn kéékèèké bẹ́ẹ̀, ká tó sọ pé oṣù kọjá mo ti rí i pé ìròyìn Yorùbá mi náà ti ń dán sí i, torí èmi náà fẹ́ràn gbólóhùn tó gùn bí ojú irin tẹ́lẹ̀, Faransé ló kó o ràn mí.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá ńkọ́? Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan máa ń wà tí wọ́n ń tẹ ohùn mọ́, téèyàn bá ṣi ibẹ̀ tẹ̀, olùgbọ́ á máa wo ẹ pé kí lo wí. Faransé ò ràn wá lọ́wọ́ níbí rárá, ìparí ló fẹ́ràn láti máa tẹ̀. Àmọ́ àwa Yorùbá ní àmì ohùn! Ṣe ni mo ń tẹ ìròyìn VOA jáde sórí bébà, tí mo bá gbọ́ ibi tí ohùn ti ga, mo fi àmì òkè sí i, ìyókù mo fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Economy wá di ìkọ́nọ̀mì, economic di ẹ̀kọ̀nọ́mìkì, government di gọ́vàmẹ̀ǹtì, development di dìvẹ́lọ̀mẹ̀ǹtì. Record tó jẹ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni rẹ́kọ̀dù, record tó jẹ́ kéèyàn gba nǹkan sílẹ̀ ni rìkọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ èdè á ní kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹ má dá mi lóhùn, ó ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ẹ̀ ń sọ láti kékeré, etí yín ti mọ dò re mí, ẹ lò ó.

Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń parí náà tún wà níbẹ̀. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, a máa ń fi fáwẹ̀lì ṣe ìtìlẹ́yìn fún un, tàbí ká kúkú gbé e mì. Asked, months, killed, àwọn tó jẹ́ pé ìparí wọn ló ń sọ bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tàbí bóyá nǹkan ju ẹyọ kan lọ, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu oníròyìn tó ń sáré. Lórí VOA, torí wọ́n ń rọra kà á, ẹ máa gbọ́ ọ. Mo ń gba ohùn ẹ̀ wá sórí fóònù, mo ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwo ìwé, lẹ́yìn náà ni mo máa kà á síta, màá gba ohùn ara mi sílẹ̀, màá wá gbé méjèèjì jọ gbọ́. Ohùn ara ẹni máa ń ba èèyàn lójú jẹ́ o, ẹ múra sílẹ̀.

Ó ku ibi tí kò ti tó. Àkọ́kọ́, wọn ò ṣe é fún àwa tí Faransé ti kọ́kọ́ wọ̀ lágbárí. Ẹ wo owó àti iye. Billion Gẹ̀ẹ́sì, milliard ni lédè Faransé, billion Faransé sì ni trillion Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ìṣúná Nàìjíríà fún 2024, trillion 28.7 náírà ni wọ́n pè é, tó túmọ̀ sí milliard 28,700 lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbọ́ billion lẹ́nu ará Èkó tó sì gbé e sí billion ti Faransé ti fi ẹgbẹ̀rún ìlọ́po kún owó yẹn, lórí afẹ́fẹ́! Kò sí ètò kan tí mo gbọ́ tó sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tá a ti ń ka ìròyìn.

Èkejì tún burú ju ìyẹn. Àwọn oníròyìn Faransé ní ọgbọ́n kan, tí ọ̀rọ̀ ò bá tíì dá wọn lójú, wọ́n á ní le ministre aurait démissionné. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó bá wá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ pé the minister would have resigned, ohun tó sọ ni pé mínísítà ì bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kò fi í sílẹ̀. Ìròyìn ti yí po nìyẹn! Gẹ̀ẹ́sì á ní reportedly, tàbí according to, tàbí kó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ó wá jọ mí lójú pé Yorùbá wa ti ní in tẹ́lẹ̀: wọ́n ní mínísítà ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. A gbọ́ pé. Ohun tá a gbọ́ ni pé. Látìgbà yẹn ni mi ò ti gba ọ̀dọ̀ Faransé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì mọ́, tí mo bá fẹ́ kọ ìròyìn, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́kàn mi, ibi tí wọ́n ní bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni said máa bọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ kàwé ìròyìn ní yunifásítì Calavi fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń bọ̀ wá béèrè bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni. Nàìjíríà tá a fẹ́ máa gbọ́, ti àwọn Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bá dàgbà. Ìyẹn ni mo fi ń gbé BBC Learning English tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn yẹn dàgbà jù ú lọ, 1943 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lingohack wọn ni kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹlifíṣọ̀n, fídíò ìròyìn BBC gan-an ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n sọ síbẹ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àkọlé ìròyìn ti yé mi. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkurú bíi row, probe, bid, vow, wọ́n á já the àti is jù nù, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lánàá wọ́n á kọ ọ́ bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó ń bọ̀ wọ́n á kàn fi to sí i. Tẹ́ ẹ bá rí president to visit, kò tíì débẹ̀ o. 6 Minute English tiwọn náà dáa, àmọ́ ìtàkúrọ̀sọ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìròyìn lọ.

Nǹkan kan tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ, ó sì rọrùn: BBC Yorùbá ti wà láti February 2018, BBC Afrique wà ní Faransé, BBC News wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú ìròyìn kan ṣoṣo, ẹ wá a ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ìgbà gbogbo lẹ máa rí i, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju kíláàsì lọ.

Ètò English for Journalism tí University of Pennsylvania gbé sórí Coursera, Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè Amẹ́ríkà ló náwó sí i. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí, bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí VOA ti kọ́kọ́ là yín létí.

Ẹ má ṣe bínú, mo fẹ́ gbàgbé. March 2025 ni ìjọba Trump pàṣẹ pé kí wọ́n gé iléeṣẹ́ tó ni VOA kù, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ jókòó sílé. Torí náà ẹ má wá ìròyìn àná lọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti kó pa mọ́ láti ẹ̀yìn ni mò ń lò, ó sì pọ̀ ju ohun téèyàn lè gbọ́ tán lọ, ìròyìn ọdún márùn-ún sẹ́yìn kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì bíi tòní. Word Book wọn, èyí tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sí, PDF ni, kò jẹ dátà. Ohùn ni kẹ́ ẹ máa gbà wá sórí fóònù lóru tí dátà bá wọ́n.

Èyí tí mi ò tíì rí níbì kankan ni ti àwọn tó ń ya fídíò. Ohun tí àwa ń pè ní plateau (akọ̀ròyìn á dúró síwájú kámẹ́rà sọ̀rọ̀), ní voix off (ohùn tá à ń gbọ́ láìrí ẹni tó ń sọ̀rọ̀), ní plan de coupe (àwòrán mìíràn tí wọ́n ń fi sáàárín), mo ti mọ̀ pé standup, voice-over àti cutaway ni wọ́n ń pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ orúkọ nìkan ò tó, mo fẹ́ gbọ́ bí oníkámẹ́rà àti akọ̀ròyìn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níta nígbà tí àyè ò sí, bí wọ́n ṣe ń ní kí ẹnì kan tún un sọ, bí wọ́n ṣe ń bẹ olóòtú pé kó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kún un. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn, tí kò ní gba gbogbo owó oṣù lọ́wọ́ èèyàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.