Fífọ IAC àbí pípààrọ̀ rẹ̀
Bí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) Corolla 2003 tàbí 2004 bá ń lọ sókè-sódò lórí ìdúró, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ ò tẹ iná, ẹ fọ IAC (fáàfù tó ń darí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń lò lórí ìdúró) kẹ́ ẹ tó náwó sí òmíràn. Ẹ tú u kúrò lábẹ́ throttle body (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ẹ fi carb cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀) àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí dúdú inú rẹ̀ títí fáàfù yóò fi yí wẹ́rẹ́. Kí carb cleaner má kan ibi tí wáyà ń wọ̀ o! Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun dè é. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, RPM kò ní balẹ̀.

Pípààrọ̀ tọ́ nígbà tí kọ́ìlì rẹ̀ bá ti jó. Ṣùgbọ́n IAC tòkunbọ̀ náà lè dọ̀tí: ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, bíi 700 ló yẹ kí RPM dúró sí lórí ìdúró.