ZIL-157: inú táyà ni agbára rẹ̀ wà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ZIL-157, ọkọ̀ akẹ́rù Sófíẹ̀tì onítáyà mẹ́fà, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ṣáàfù márùn-ún, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, lẹ máa bá níbẹ̀. Áàsì (irin ìdábùú tó gbé táyà ọ̀tún àti tòsì) ẹ̀yìn pátápátá ní ṣáàfù tirẹ̀, tó gba orí áàsì àárín kọjá lórí bẹ́árínì kan. Ara Studebaker US6, ọkọ̀ akẹ́rù tí Amẹ́ríkà kó fún Sófíẹ̀tì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ má gbàgbé gíríìsì bẹ́árínì yẹn o. Bó bá gbẹ, ariwo ló máa fi kí yín.

ZIS-151 ti 1948 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Táyà méjì-méjì ló wà lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan níwájú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kùnà. Ipa tí táyà iwájú bá là nínú yìnyín kì í gba ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn á tún máa la tirẹ̀, ẹrẹ̀ á sì há sáàárín táyà méjèèjì. Nígbà tí ZIL-157 jáde ní 1958, táyà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà ní igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwọ̀n táyà náà jẹ́ 12.00-18, ipa kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé awakọ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ kó máa dín afẹ́fẹ́ táyà kù tàbí kó fi kún un. DUKW, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rìn lómi tó ń rìn nílẹ̀, ni wọ́n ti rí i. Wọ́n kọ́kọ́ fi sára ZIS-485, ọkọ̀ orí omi àti orí ilẹ̀ ti Sófíẹ̀tì fúnra wọn. Lójú ọ̀nà gidi, bar 3.5 ló yẹ (bar la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Nínú ẹrẹ̀, ẹ jò ó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bar 1, táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní rì. Ẹ rọra wà á nígbà náà, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà, torí ẹ̀gbẹ́ táyà tó rọ̀ máa ń gbóná, á sì ya.

Síìlì inú họ́ọ̀bù, ìyẹn ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ kó má jò láàárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló máa ń dààmú. Bẹ́ ẹ bá páàkì, ẹ ti fálífù táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó ń jò lè fa gbogbo wọn gbẹ mọ́jú. Táyà tó bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ tì í, ara táyà tàbí fálífù ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Èyí tó dúró digbí àmọ́ tó ń sú ṣìì nígbà tẹ́ ẹ ṣí i, síìlì rẹ̀ ti jẹ.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onísílíńdà mẹ́fà, lítà 5.55, kì í yan epo, àmọ́ ó ń mu ún: ó lé ní lítà 40 fún kìlómítà 100. Kò sí ohun tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ lára sítíárì. Ẹ má ki àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀ lójú ọ̀nà olókùúta; bí táyà bá kọlu òkúta, sítíárì á yí lójijì, ó sì lè ṣẹ́ ìka.