Kíláàsì àmì ìkọ̀wé Ṣáínà orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ fo fídíò, ẹ wá olùkọ́ lọ

Ẹ̀kọ́ kejì ló bí mi nínú. Wọ́n gbé 媽 jáde, àmì tí wọ́n ń kọ fún ìyá: obìnrin 女 lápá òsì, ẹṣin 馬 lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò ní torí pé ìyá máa ń ṣe làálàá bí ẹṣin ni. Irọ́ gbuu! Ohùn lásán ni ẹṣin bá wá síbẹ̀: mǎ ni ẹṣin, mā ni ìyá. Báyìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àmì wọn ṣe rí, apá kan fún ìtumọ̀, apá kejì fún ohùn. Láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Xu Shen, ọ̀mọ̀wé Ṣáínà kan, ti là á yéni.

Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì dé: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún fídíò náà wò." Mo tún kọ, mo fi àlàyé kún un. Èsì kan náà ló padà wá, kódà kọ́mà kan kò yí padà. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n ní àkókò ti kọjá.

Àfi ìgbà tí wọ́n fà mí lé olùkọ́ kan lọ́wọ́, ìyá àgbà kan, ọmọ Ṣáínà. Màmá ò jiyàn rárá. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, wọ́n sì mú búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ya igi, 木. Wọ́n fa ìlà sí i nídìí, ó di 本, gbòǹgbò, ìpìlẹ̀. Wọ́n fa ìlà sí i lórí, ó di 末, ṣóńṣó, òpin. Èèyàn fara ti igi: 休, ìsinmi. Wọ́n wá kọ 亡, ohun tó sọnù, wọ́n gbé e lé ọkàn 心: 忘, ìgbàgbé. Wọ́n gbé ọkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 忙, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Bí 亡 ṣe ń fún méjèèjì lóhùn, bẹ́ẹ̀ ló ń fún wọn ní àwòrán. Orí mi wú!

Mo bi wọ́n léèrè 東, ìlà oòrùn, tí fídíò pè ní oòrùn lẹ́yìn igi. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe fín in sára egungun ní Anyang, ìlú kan ní Ṣáínà, ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn hàn mí: àpò tí wọ́n so lókè so nísàlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni wọ́n yá lò fún ìlà oòrùn.

Fídíò ẹlẹ́ṣin yẹn ṣì wà níbẹ̀, owó mi náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún.