Gìtá àwòṣe Les Paul lẹ́nu eré jùjú ní Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwúwo gìtá àwòṣe Les Paul tí mo fi ń ṣeré. Igi gbìn-ìn ni gìtá yìí látòkè délẹ̀, kò níhò nínú. Bí ẹ bá gbé e kọ́ èjìká lóde àríyá títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yìn yín á sọ fún yín. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Kì í ṣe Gibson, iléeṣẹ́ tó ni àwòṣe náà, ló ṣe é; iléeṣẹ́ mìíràn ló wo tiwọn ṣe.

Síbẹ̀, igi gbìn-ìn yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á. Lóde eré wa, àyè kì í gbà wá: gángan lọ́tùn-ún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, sípíkà ńlá sì wà nítòsí etí mi. Bí wọ́n bá yí ohùn sókè, ohùn sípíkà á padà wọ inú gìtá oníhò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá. Èyí kì í hu bọ̀rọ̀. Bí mo bá ta okùn kan, ohùn rẹ̀ á máa lọ, kò ní tètè kú, gángan á ráyè fèsì.

Ohun tí Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gìtá yìí, ń wá nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 1940, ó mú òpó igi páìnì kan, ó fi ọrùn gìtá, okùn àti ẹ̀rọ agbóhùn sí i. Nígbà tó yá, ó la gìtá oníhò sí méjì, ó so ó mọ́ igi náà lápá méjèèjì kó lè jọ gìtá lójú èèyàn. Òun nìkan kọ́ ló ń ronú irú gìtá bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àmọ́ èyí tí Gibson gbé jáde lórúkọ rẹ̀ ní 1952 ni wọ́n ṣì ń wò ṣe títí dòní. Ọkọ̀ tiẹ̀ ti ṣèṣe pẹ̀lú rẹ̀ ní 1948, tí ìgúnpá rẹ̀ fọ́. Ó ní kí àwọn dókítà to apá náà ní títẹ̀, kó ṣáà lè máa ta gìtá. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Ẹ̀bùn Les Paul kejì wà nínú fóònù mi: gbígba ohùn kan lé òmíràn. Kí ẹgbẹ́ tó pé fún ìdánrawò, mo máa ń ta rídíìmù sílẹ̀, n óò ta líìdì, ìyẹn ohùn tó ń ṣáájú, lé e, n óò tún ta èyí tó ń dáhùn. Les Paul wà lára àwọn tó la ọ̀nà yẹn: ní 1951, ó to ohùn Mary Ford, ìyàwó rẹ̀, lé ara wọn nínú orin kan ṣoṣo, àfi bí ẹgbẹ́ akọrin. Ọdún 2009 ló kú, lẹ́ni ọdún 94, lọ́dún náà gan-an ó ṣì ń ṣeré ní New York.

Ti ariwo tí iná jẹnẹrétọ̀ ń mú wọ inú gìtá ńkọ́? Pick-up, ìyẹn ẹ̀rọ agbóhùn abẹ́ okùn, oníwáyà méjì tí wọ́n ń pè ní humbucker, tí Seth Lover ṣe fún Gibson, wà lára tèmi náà. Ó ń pa ariwo “húùù” tó máa ń ti ara iná wá, ìyẹn sì ti tó mi.

Àléébù rẹ̀: ibi tí orí ti pàdé ọrùn kò lágbára, bó bá ṣubú, ibẹ̀ ló máa ń kán. Ẹ má gbé e gun ọ̀kadà láìsí àpótí líle. Okùn kẹta máa ń tètè kúrò lóhùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa níbí sì ń jẹ́ kí okùn dípẹtà, ẹ máa nù ún lẹ́yìn eré. Fún jùjú, pick-up ẹ̀yìn, èyí tó jìnnà sí ọrùn, ni kí ẹ lò. Ti iwájú ki jù, kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ọ láàárín ìlù.

Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó wá èyí tó fúyẹ́. Ẹni tí kò bá sí nǹkan tó ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kó ra bẹ́líìtì tó fẹ̀ mọ́ ọn.